Lẹ́yìn "A Dúpẹ́"

Wọ́n ní ilé tí nọ́ọ̀sì yẹn bá ti jókòó sí, aláìsàn ibẹ̀ kì í pẹ́ láyé mọ́. Ẹnu obìnrin tó ń ta ọṣẹ níwájú ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní bí ó bá dúró lásán kò léwu, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa àga, tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ará ilé yáa máa wá ẹni tí yóò kan pósí. Mo bá a wí. Mo ní ẹni tó mọ Ọlọ́run kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọlé, mo gbàdúrà kí Olúwa dárí àìmọ̀kan jì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì náà kan ilẹ̀kùn mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tó béèrè bí ẹsẹ̀ bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ń ṣe, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé wọ́n ti rin ìrìn àjò. Ọkùnrin náà sì wà ní pálọ̀, ó ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ikọ́ náà dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn tí wọ́n bá dé, ma," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àjèjì sí mi o. Ojúlé kejì sí tiwa ló ti dàgbà. Láti kékeré ló ti máa ń da ìbéèrè bo èèyàn bí ọlọ́pàá. Bí o bá ń lọ, á ní báwo ni; bí o bá ń bọ̀, á ní báwo ni; bí adìyẹ bá ń tiro kọjá lọ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á bi í pé báwo ni. Báwo-ni la sọ ọ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé nígbà tó wọ aṣọ funfun, a kàn fi Nọ́ọ̀sì kún un ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. A máa ń fi ṣe àwàdà fún un pé rírán nìkan ló mọ̀ níṣẹ́: ó ń rán aṣọ, ó ń rán àbúrò. Èmi àti Aránṣọ la jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, torí ooru. Ohùn rẹ̀ kì í bá orin mu, ṣùgbọ́n kì í dín in kù. Mo ti bá a sọ ọ́ títí, ó ní Ẹni tí òun ń kọ ọ́ fún kò tíì ráhùn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá wọn, tó gbé apá ọ̀tún lọ, tó sì gbé ọ̀rọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, Aránṣọ ló gbà á sílé. Ta ni ì bá tún gbà á? Nọ́ọ̀sì ń gbé nínú ọgbà ọsibítù ní òdìkejì ìlú, yàrá kan, àwọn méjì ló sì ń gbé inú rẹ̀. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wà lórí ẹ̀rọ, kí ojú rẹ̀ sì wà lára bẹ́ẹ̀dì. Á rán ìlà kan, á dìde. Á rán òmíràn, á tún dìde. Òkùnkùn wà níbẹ̀, aṣọ kò tọ́ mọ́. Gáùn mi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní apá kan ṣoṣo títí tí mo fi sanra jù ú lọ. Àwọn oníbàárà ń dín kù díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó bínú, wọ́n kàn ń gba ibòmíràn kọjá ni.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Báwo-ni máa ń wá. Á gbé ọṣẹ wá, á gbé oògùn wá, á gbé aṣọ tí wọ́n ń fi sábẹ́ àgbàlagbà wá. Nígbà tó yá, ẹnu ọ̀nà ìta ló máa ń dúró sí, báàgì rẹ̀ á ṣì wà léjìká.

"Àǹtí mi, ẹ káàsán. Báwo ni?"

"A dúpẹ́."

"Màmá ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹ. A dúpẹ́."

Á ké sí ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀, "Màmá mi, èmi ni o," ìyá náà á fi ìró kan dáhùn láti yàrá, Báwo-ni á sì lọ. Èmi tí mo máa ń wà níbẹ̀, inú mi kì í dùn sí i. Mo rò pé ìgbéraga ni. Mo ní nínú ara mi pé, ṣé ẹ rí i, ẹni tí ẹ̀gbọ́n fi abẹ́rẹ́ rán níwèé, kò lè wọ ilé ẹ̀gbọ́n kó fìdí kanlẹ̀.

Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ọsibítù ní nọ́ọ̀sì méjì tó ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ń wẹ egbò, wọ́n ń kọ́ àwọn ará ilé bí a ṣe ń yí ẹni tó dùbúlẹ̀ padà kí ara rẹ̀ má baà bó, wọ́n sì máa ń sọ fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn pé kó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, àwọn wà níbẹ̀. Ilé Aránṣọ wà lára ibi tí wọ́n ń dé. Ọ̀kan nínú wọn sanra, a sì máa ń gbọ́ mímí rẹ̀ kó tó yọ sí kọ̀rọ̀. Aránṣọ máa ń sọ pé mímí yẹn dùn létí òun ju dùùrù lọ, torí bí òun bá ti gbọ́ ọ, òun mọ̀ pé òun máa sùn.

Àwọn ọ̀gá ọsibítù wá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ àwọn méjì yìí wúlò, tàbí kí wọ́n kó wọn padà sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí ẹnìkan lọ ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tí aláìsàn wà nílé wọn: báwo ni wọ́n ṣe ń fara dà á, ta ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ta ni wọn ì bá tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún? Ẹni tó ti bi adìyẹ léèrè rí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé onílé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ obìnrin ọlọ́ṣẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó mọ̀ pé àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé kò sí ohun tí òun tún lè ṣe, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ní kó lọ bá. Ẹni tí wọ́n bá rán sí àwọn tó ti ń di ẹrù, báwo ni kò ṣe ní bá ìrìn àjò pàdé?

Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn bí iṣẹ́ náà ṣe lọ fún mi. Ó ní òun á kí wọn, òun á jókòó, òun á ní báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Ṣé wọ́n ní olùrànlọ́wọ́? "Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ wa." Ibi tí ọsibítù sì pèsè sílẹ̀ lórí ìwé fún ìdáhùn kò ju mẹ́ta lọ: ó dára, kò dára, n kò mọ̀. Kò sí àyè fún a dúpẹ́. Ibo ni ọmọlúàbí fẹ́ fi í sí? Kò lè fi í sí kò dára, torí ẹni tí nǹkan kò dára fún kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ dúpẹ́ lójú rẹ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ó dára. Ó sì kọ ọ́ pé wọ́n ní olùrànlọ́wọ́.

Mo ní, "Ti ìkejì yẹn kò burú. Ọlọ́run ń ran èèyàn lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ṣùgbọ́n kì í bá wa yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Á máa rán èèyàn."

"Ó rán èèyàn méjì, ma," ó ní. "Èmi ni mo dá wọn padà."

Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ àwọn ọ̀gá ọsibítù nínú. Wọ́n pè é sí gbọ̀ngàn ọsibítù, ó wọ bàtà tuntun, ó dúró níwájú àwọn dókítà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Aránṣọ rán aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, apá méjèèjì sì pé. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni Alábòójútó ọsibítù ní, bí àwọn ẹbí bá ń ṣe dáadáa tó báyìí, kí la tún ń wá nílé wọn? Wọ́n kó nọ́ọ̀sì méjèèjì padà sí wọ́ọ̀dù. Kò bá Báwo-ni lára mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹyin lohùn, ta ló fẹ́ wá ṣa á nílẹ̀?

Mímí nọ́ọ̀sì tó sanra kò dún ní kọ̀rọ̀ wa mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀yìn mú Aránṣọ bí a ṣe ń dìde fún orin ìkẹyìn. Ó kọ orin náà tán o, lórí ìdúró, ó di bẹ́ǹṣì iwájú mú. Èmi ni mo fà á délé. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣọ tí kò tíì rán, mo lọ gbé omi kaná. Ìgbà náà ni Báwo-ni dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ káàsán. Báwo ni?"

Láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Aránṣọ ti dá a lóhùn. "A dúpẹ́."

Mo ní, "Ọpẹ́ wo? Ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè dìde. Wọlé kí o wo ìyá rẹ, kò sí ẹni tó tíì yí i padà láti àárọ̀."

Ó wò mí. Ó wo òkè ilẹ̀kùn, bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀ tó lè já lu òun. Ó wá gbé báàgì sílẹ̀ níta, ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Mo gbọ́ tó ń kí ìyá rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń ká aṣọ ìbora, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó jáde, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Kò wo ojú ẹnìkankan.

"Ẹ bá mi gbé omi yẹn wá, ma. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Egbò ni. Ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ ló dá a sí ìdí ẹ̀yìn ìyá náà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì jìn. Mo di ìyá mú, ọmọ ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́. Ó jáde wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀.

"Àǹtí, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí àwọn méjì yẹn kò ti wá mọ́. Èmi nìkan kò lè gbé e yí. Mo ń gbìyànjú, ẹ̀yìn kò gbà."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O bi mí?"

"Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń bi yín."

"O ní báwo ni, mo ní a dúpẹ́. Kí lo fẹ́ kí n sọ lẹ́nu ọ̀nà? Kí n ká aṣọ lára ìyá mi kí àwọn tó ń kọjá lè bá ọ wò ó?" Aránṣọ fi ọwọ́ gbá ẹní. "A dúpẹ́ kì í ṣe ìdáhùn, ilẹ̀kùn ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á tún un kàn. Ìwọ, o kàn án lẹ́ẹ̀kan, o ti dé ibùdókọ̀."

Báwo-ni tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Tàbí irọ́ ni mo pa? Ní ilé àwọn ẹlòmíràn, o ń jókòó. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́. Ní ilé ìyá tó bí ọ, ìdúró ni, bí agbowó-orí."

"Torí ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ náà ni," Báwo-ni ní.

Kò yé wa. Ó tún un sọ.

"Obìnrin ọlọ́ṣẹ ló sọ ọ́ ní etígbọ̀ọ́ mi, Àǹtí, ó rò pé mi ò gbọ́. Pé ibi tí mo bá jókòó sí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo àwọn tó kú yẹn, mo mọ ohun tó pa wọ́n, mo lè sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni. Mo ní kí n má fi ẹ̀mí Màmá dán an wò. Mo ní bí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ohun tí ìdúró lè ṣe."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún lẹ́yìn, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. "Pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn."

"Pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn, Àǹtí mi."

Èmi yíjú sí ìkòkò omi. Ẹni tó ti fi ọkọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ ránṣẹ́ sí ìrìn àjò, kí ló fẹ́ sọ síbẹ̀? Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo rí ọ̀bẹ tó gbìyànjú rẹ̀.

Báwo-ni gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì jókòó. Àpótí kékeré tí Aránṣọ máa ń jókòó lé ránṣọ ló gbé sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ń yí ìyá rẹ̀ padà, ó ń wẹ egbò, ó ń fún un lómi pẹ̀lú ṣíbí, ó ń sọ gbogbo ohun tí kò sọ lẹ́nu ọ̀nà fún un. Aránṣọ ń sùn. Ó sùn débi pé mo lọ fi ọwọ́ kan imú rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n egbò náà ti jìn ju ohun tí omi iyọ̀ àti àbámọ̀ lè wẹ̀ lọ. Ibà gbé ìyá, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì sinmi níbẹ̀, ọmọ méjèèjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì.

A kò tíì dé láti itẹ́ òkú tí obìnrin ọlọ́ṣẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ó jókòó." N kò gbàdúrà fún un lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí mo sọ sí i, mo ṣì ń bá Olúwa ṣàlàyé rẹ̀. Báwo-ni kò ní kí n má sọ ọ́, kò sì ní kí n sọ ọ́. Ó kàn ní, "Kì í ṣe ìjókòó mi ló pa á, ma. Ìdúró mi ni."

Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ sí gbogbo ilé tó ti dé tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ní bí òun kò bá lè tún ọ̀rọ̀ tí òun sọ sọ, kí wọ́n dá nọ́ọ̀sì méjèèjì yẹn padà sílé àwọn èèyàn, òun kò ní lè wo ojú ẹ̀gbọ́n òun mọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo fa àga fún un fúnra mi, mo pe bàbá àwọn ọmọ mi pé kó jáde wá, ó ti ti ìrìn àjò dé. Ó jókòó fún ìgbà pípẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ṣì ń bẹ láyé o. Ó ń ráhùn lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, pé iná yàrá ti pọ̀ jù.

Mo bá a lọ sílé awakọ̀ kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Àìsàn inú eegun ló dá ìyàwó ọkùnrin náà dúbúlẹ̀. Yàrá kan ni wọ́n ní, ó mọ́ tónítóní. Ó ta aṣọ pín in sí méjì, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn aṣọ. Ó nu àga fún wa, ó po tíì.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?" Báwo-ni ní.

"Ha, nọ́ọ̀sì wa. A dúpẹ́."

"Ọlọ́run ṣeun. Lẹ́yìn a dúpẹ́ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ mu tíì yín." Báwo-ni kò mu tíì, kò sì sọ ohun mìíràn. Ó jókòó. Èmi tí ìdákẹ́jẹ́ kì í bá lára mu, mo ti ń wá nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa ojú ọjọ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́, ó ń yí i bí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀.

"Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn," ó ní. "Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń ti ilẹ̀kùn láti ìta kí olè má baà wọlé. Bí mo bá wá wà lójú ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ tó ń pè mí nínú ẹ́ńjìnnì. Mo ti gbé èrò kọjá ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rí, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnìkan. Wọn á ní kí ló dé tí mo ń ti aya mi mọ́lé bí ewúrẹ́."

Ohùn obìnrin kan dún lẹ́yìn aṣọ, ó tínrín. "Ó ti sọ ọ́. Mo ti ń dúró kó sọ ọ́ fún ẹnìkan. Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún un pé n kì í pè é. Oorun ni mo máa ń sùn."

Tíì náà tutù pátá. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, Báwo-ni ní nígbà tí òun kọ́kọ́ wá, ọkùnrin yẹn wà lára àwọn tí òun kọ ó dára sí.

Nígbà tó ti yí gbogbo ilé náà po tán, ó tọrọ kí wọ́n fún òun láyè ní gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n fún un. Àwọn tó wá lọ́tẹ̀ yìí kò pọ̀. Àṣìṣe kì í ní èrò. Alábòójútó wà níwájú, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tutù, tí kì í tètè bínú. Mẹ́tírọ́nì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn dókítà díẹ̀. Èmi, Aránṣọ àti awakọ̀ jókòó lẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ fi gbé wa lọ, Aránṣọ ti ń to ohun tó máa sọ bí wọ́n bá pe òun: bí ẹ̀yìn ṣe dá òun mọ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń dípẹtà, bí òun ṣe ń fi aṣọ bo egbò ìyá òun kí àbúrò òun má baà rí i. Ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ ọ́n sọ dáadáa.

Báwo-ni dúró, ó ní iṣẹ́ tí òun gbé wá síbẹ̀ lọ́jọ́sí kò tọ̀nà. Ó ní, "Mo ka ọpẹ́ mọ́ àlàáfíà." Ó wá sọ ohun tó gbọ́ láti ilé dé ilé, láìdárúkọ. Ó ní kí wọ́n dá nọ́ọ̀sì méjèèjì padà sójú ọ̀nà.

Alábòójútó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ náà lo sọ fún wa pé nǹkan ń lọ déédéé. Fọ́tò rẹ ṣì wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn."

"Ẹ yọ ọ́, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì? Èèyàn ní a dúpẹ́, ìwọ ní kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Ṣé a fẹ́ máa fi tipátipá mú àwọn ẹbí ráhùn ni?"

"Rárá, sà. Ká jókòó tì wọ́n ni."

"Jíjókòó kì í ṣe iṣẹ́. Wọ́ọ̀dù kún."

"Iṣẹ́ ni, sà. Àwọn tó kún wọ́ọ̀dù yẹn, inú ilé ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ bi wọ́n bí egbò wọn ṣe bẹ̀rẹ̀."

Mẹ́tírọ́nì ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, òun náà rí i, ṣùgbọ́n àwọn méjì yẹn ló ń di apá kan wọ́ọ̀dù mú. Báwo-ni ní bí orí bá ń fọ́ni, a kì í tìtorí ẹ̀ bẹ́ ẹ. Ohùn ti ń lọ sókè. Alábòójútó gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lẹ́, ó yíjú sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn, àbí? Mọ́mì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Ẹ bá wa sọ ọ́ bó ṣe wà. Báwo ni?"

Inú rere ló fi bi í, mo gbà bẹ́ẹ̀. Aránṣọ dìde. Ó fi ọwọ́ kan ìdí, ó fi èkejì tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, àwọn aṣọ funfun wọ̀nyẹn, ọkùnrin náà sì ń wò ó pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun rẹ̀.

"A dúpẹ́, sà," ó ní.

Ẹnìkan pa ẹ̀rín mọ́ ọwọ́. Alábòójútó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń fi hàn pé òun kò mú nǹkan kan dání. Mo tọ́ Aránṣọ lẹ́yìn, mo ní kó máa sọ ọ́ lọ. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Láti iwájú ni Báwo-ni ti ń wò ó. Kò bínú. Ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé àwọn méjì péré ló wà nínú ilé náà, "Lẹ́yìn a dúpẹ́ ńkọ́, Àǹtí mi?"

Aránṣọ mi orí. "Kì í ṣe níbí," ó ní. Ó jókòó. Ìgbà tó jókòó tán ló ń sọ ọ́ sí mi létí, kíákíá kíákíá, ẹ̀yìn, ẹ̀rọ, egbò, gbogbo rẹ̀ bó ṣe tò ó, omi ń dà lójú rẹ̀, èmi nìkan ló sì ń gbọ́.

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyí," Alábòójútó tún bẹ̀rẹ̀. "A kò lè fi ohun tí àwọn èèyàn kò sọ ṣe ètò. Bí ẹnìkan bá ní ìṣòro—"

Báwo-ni ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ń bọ̀ láàárín àwọn àga. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tó ti ń dùn ún gan-an, ó sì wo awakọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó àkókò tí wọ́n máa ń yí ìyàwó yín padà. Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Kò sí ẹnìkan," awakọ̀ ní. "Mo ti ilẹ̀kùn."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Nọ́ọ̀sì," Alábòójútó ní, "a kò tíì parí ọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀, sà," ó ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó jáde, kò wẹ̀yìn.